Ob-La-Di Kì Í Ṣe Ọmọ Ilé Wa

Oríṣiríṣi ni ohun tí ọmọ aráyé ń kó jọ. Ẹlòmíràn ń kó sítáǹbù jọ, ẹlòmíràn ń kó owó ẹyọ àtijọ́ jọ, a sì rí ẹni tí ó jẹ́ pé gbèsè ni ó ń kó jọ ní tirẹ̀. Èmi, ọ̀rọ̀ kéékèèké nípa àwọn olórin Òyìnbó ayé àtijọ́ ni mo ń kó jọ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé girama. Bí ẹ bá bi mí ní ọjọ́ tí John Lennon àti Paul McCartney kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, n ó dá yín lóhùn láìwo ìwé pé ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1957 ni, níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Woolton, ní ìlú Liverpool. Bí ẹ bá bi mí ní orúkọ ẹni tí ó bá àwọn Beatles lu ìlù nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun dun Ringo Starr ní ọdún 1964, n ó ní Jimmie Nicol ni. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá a máa bi mí pé èló ni wọ́n ń ra irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́jà. Èmi náà a máa dáhùn pé ẹni tí ó mọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ bú ẹni tí ó mọ iye okùn tí ó wà lára gìtá.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú mi, nítorí pé ó kan ilé wa. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1968 ni àwọn Beatles gbé àwo orin wọn kan jáde, èyí tí èèpo rẹ̀ funfun báláú láìsí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni a ń pè ní "Ob-La-Di, Ob-La-Da." Orin ọkọ àti aya ni. Ọkùnrin kan tí ń fi ọmọlanke tajà fẹ́ obìnrin olórin kan, wọ́n bímọ, ilé wọn sì tòrò. Kí ni ó wá kàn wá níbẹ̀? Òun ni pé nínú ìwé kan dé òmíràn tí àwọn Òyìnbó kọ nípa orin wọ̀nyí, ẹ ó rí i kà pé èdè Yorùbá ni "ob-la-di, ob-la-da," àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé ń lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá a ṣe ìdíje ìbéèrè kan. N kò ní sọ àwọn tí ó ṣe ètò rẹ̀, nítorí pé a ṣì jọ ń jẹun níbi kan náà. Wọ́n bi wá pé láti inú èdè wo ni orúkọ orin yìí ti wá. Àwọn tí a jọ ń díje yára nawọ́, wọ́n ní Yorùbá ni. Olùbéèrè wo páálí pélébé ọwọ́ rẹ̀, ó ní wọ́n gbà á. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo dúró yìí, Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu ẹnì kan nínú wọn." Ó wò mí, ó tún wo páálí rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ohun tí a kọ síbí ni èmi ń kà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Máàkì márùn-ún tí a pàdánù kò dùn mí púpọ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Èmi ńkọ́, ṣé mo gbọ́ ọ rí?" Páálí kan ní ọwọ́ ẹnì kan ti lágbára ju etí ogún ènìyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò nínú kíláàsì. Nínú èdè wa, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í fara kọ́ra láìsí fáwẹ̀lì láàrin wọn, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi di búrẹ́dì, gíláàsì àti búlọ́ọ̀kù kí ó tó lè gba ẹnu ìyá àgbà jáde. Nísinsìnyí, bí ẹ bá gé ọ̀rọ̀ wa yìí sí "ob" àti "la," kọ́ńsónáǹtì ti parí sílébù. Bí ẹ bá sì gé e sí "o" àti "bla," kọ́ńsónáǹtì méjì ti so mọ́ ara wọn. Kò sí ibi tí ẹ gbé e gbà tí yóò kọjá.

Ẹnìkan lè sọ pé etí Òyìnbó ni ó gbé fáwẹ̀lì kan sọnù lójú ọ̀nà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ jókòó tì í, ó ní ó lè jẹ́ "obì á là, obì á dá" ni. Mo ní ó dára, ta ni ó wá ń da obì náà, kí sì ni obì tí ó là ní í ṣe pẹ̀lú pé ayé ń lọ? Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń wá ìtumọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ èdè Ṣáínà kan tí a kò lè fà wọ agbo ilé Odùduwà. Àwa náà kúkú ní ohun tí a máa ń sọ bí a bá fẹ́ sọ pé ayé ń lọ. A máa ń ní ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Kò sí "ob" níbẹ̀, kò sì sí "bla."

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ti ń rí nígbà tí etí àjèjì bá ti lù ú ní àlùbami, àpẹẹrẹ kan wà. Ní ọdún 1939, Solomon Linda, ọmọ Zulu, kọ orin kan sínú àwo ní Johannesburg, ó pè é ní "Mbube," èyíinì ni kìnnìún. Ohun tí àwọn agberin ń sọ léraléra nínú rẹ̀ ni "uyimbube," pé ìwọ ni kìnnìún. Àwo náà dé ọwọ́ Pete Seeger ní Amẹ́ríkà, etí tirẹ̀ gbọ́ ọ bí "wimoweh," òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Weavers sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ẹ gbé "wimoweh" lọ síwájú ọmọ Zulu, ẹ sọ fún un pé nínú orin kìnnìún ni ó ti wá, kíá ni yóò rí ojú ọ̀rọ̀ ilé wọn nínú rẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá ni a ń sọ pé Linda gbà lórí orin yìí, ó sì kú ní tálákà ní ọdún 1962. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rí ìjà rẹ̀ jà parí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bọ́ sí ìyẹn, inú mi yóò bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ní ilé, bí ó ti wù kí a fi eérú kùn ún lójú tó, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò dá a mọ̀. Èmi ti wo "ob-la-di" títí, n kò rí ìlà ojú Yorùbá kankan lára rẹ̀.

Ta wá ni ó ni ín? Orúkọ ẹni tí ó ni ín ni Jimmy Scott-Emuakpor. Onílù kóńgà ni, ọmọ Sapele ni, Urhobo ni orúkọ ilé wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń lu ìlù rẹ̀ ní àwọn ilé ìgbafẹ́ alẹ́ ní àdúgbò Soho, níbẹ̀ sì ni McCartney ti mọ̀ ọ́n, ní ilé kan tí a ń pè ní Bag O'Nails. Lucrezia, aya Jimmy, ṣàlàyé nígbẹ̀yìn bí nǹkan ti ń lọ lórí ìtàgé. Jimmy a ké "ob-la-di," àwùjọ a dáhùn "ob-la-da," Jimmy a sì fi Gẹ̀ẹ́sì kádìí rẹ̀ pé ayé ń lọ. Obìnrin náà ní bàbá Jimmy ni ó máa ń sọ ọ́ fún un ní èdè Urhobo, àti pé ó ní ìtumọ̀ kan tí ẹbí kì í sọ ní gbangba.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo nǹkan yìí dáadáa. Lílé ni ìlà kìíní, ègbè ni ìlà kejì, ìparí ni ìlà kẹta. Ta ni ó wá sọ pé ìlà kẹta ni ìtumọ̀ ìlà kìíní? Bí èmi bá ké "Ẹgbẹ́ wa o!" tí ẹ sì dáhùn "Ó ń gòkè!" tí mo wá fi kún un pé, "Ó yá, ẹ jókòó," ṣé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa yóò lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí Yorùbá bá ní ẹgbẹ́ wa o, ìjókòó ni wọ́n ń sọ? Èmi gbà pé bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ti bí Urhobo ti ṣe di Yorùbá, ìyẹn kò le. Lójú ọ̀pọ̀ Òyìnbó, bí onílù bá ti Nàìjíríà wá, Yorùbá náà ni yóò jẹ́, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Urhobo wà nínú ẹ̀yà èdè tí Ẹdó wà nínú rẹ̀, ó jìnnà sí tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè gbọ́ ara wa ní ọjà láìsí ògbufọ̀.

Mo mú ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ Urhobo, ní ilé kejì sí tiwa. Inú bí i ju tèmi lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ ò tíì yó." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo wá dá a padà fún wọn. Mo bi í bóyá ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí ní ilé tiwọn, ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé, ìlú kọ́ ni yóò wá túmọ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mú ìyẹn.

Ibi tí owó wà ni ọ̀rọ̀ tún ti dùn. Ní oṣù keje ọdún 1968 tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀, Jimmy wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó lu kóńgà rẹ̀ sí i. Wọ́n pa ẹ̀dà náà tì, wọ́n tún òmíràn bẹ̀rẹ̀, ọdún 1996 ni aráyé tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ nínú àwo Anthology 3. Orin náà sú Lennon, ó kórìíra rẹ̀ dé ojú àmì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jáde bínúbínú, ó padà wọlé, ó lọ tààrà sí ìdí dùùrù, ó sì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni ń lé ejò. Ìtẹ̀ ìbínú yẹn ni wọ́n mú, òun ni ẹ ń gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin náà títí di òní. Nígbà tí àwo jáde, orúkọ Lennon àti McCartney ni ó wà lábẹ́ orin náà, nítorí pé láti ìgbà èwe ni àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé orin tí èyíkéyìí nínú wọn bá kọ, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Lennon tí ó kórìíra orin náà ṣe ń jẹ nínú rẹ̀. Jimmy tí ó ni ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọmọ lórúkọ kò jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àwọn ọmọ Scotland kan tí ń jẹ́ Marmalade tún orin náà kọ, ó sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jimmy béèrè ìpín. McCartney ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí a ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pé òun dá a lóhùn pé àṣà ẹnu lásán ni, ìbá ṣe pé Jimmy ni ó kọ orin ni, ìbá gba owó.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó lá àlá orin "Yesterday." Ó jí ní òwúrọ̀, ohùn orin náà ti wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ nípa ẹyin díndín sí i fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé kí ó má jẹ́ orin onírin. Fún bí oṣù kan ó ń káàkiri lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ orin, ó ń bi wọ́n pé ṣé wọn kò gbọ́ ọ níbì kan rí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó rí owó he tí ó ń wá ẹni tí ó sọ ọ́ nù. Ìgbà tí kò sí ẹni tí ó yọjú ni ó tó gbà á fún ara rẹ̀, a sì gbé e jáde ní 1965. N kò pè é ní olè, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ jí pépé lórí ohùn orin, ṣùgbọ́n ó sùn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwa tí a ń gbọ́ ìjálá láti kékeré kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníjàálá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò júbà ẹni tí ó kọ́ ọ lóhùn kí ó tó la ẹnu pe ẹran kan tàbí ìlú kan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, McCartney kó ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine wá sí Èkó, wọ́n ń gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó lu ìlù púpọ̀ nínú rẹ̀. Adigunjalè dá a lọ́nà ní alẹ́, wọ́n gba àpò tí kásẹ́ẹ̀tì àti ìwé ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó lọ gbọ́ Fela, ó sì ti sọ pé orin náà wọ òun lára tó bẹ́ẹ̀ tí òun sunkún. Ṣùgbọ́n Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin àwa ènìyàn dúdú ni ó wá jí gbé. Ó di dandan kí McCartney gbé ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ fún Fela gbọ́, kí ó lè rí i pé kò sí tiwa nínú rẹ̀. Lóòótọ́ kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀ ní Ìkẹjà, níbi tí Ginger Baker, onílù Cream, ti kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ Èkó kan ṣoṣo tí ó sì lu ìlù nínú àwo náà, Remi Kabaka, tí ìlù rẹ̀ wà nínú "Bluebird," Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti lù ú. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Fela kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Ibi tí ó wò nìkan ni kò sí nǹkan. Babatunde Olatunji jẹ́ ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ọmọ Ògù tí ó gbọ́ èdè Ògù àti Yorùbá láti kékeré. Ní ọdún 1950 ó lọ kàwé ní Morehouse ní Atlanta, ní ọdún 1960 sì ni Columbia gbé àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde. Ẹ ka orúkọ orin inú rẹ̀ síta: "Shango," "Oya," "Odun De," "Kiyakiya." Ṣé èyí náà ń fẹ́ ògbufọ̀? Bob Dylan dárúkọ Olatunji nínú orin tirẹ̀ ní ọdún 1963, Santana sì mú "Jin-go-lo-ba" ṣe "Jingo" ní ọdún 1969, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní Paris, Serge Gainsbourg gbé àwo kan jáde ní ọdún 1964 tí ó pè ní Gainsbourg Percussions. "Kiyakiya" di "Joanna" níbẹ̀, "Jin-go-lo-ba" di "Marabout," "Akiwowo" tí í ṣe orin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì di orin àwọn ilé gogoro New York. Orúkọ tirẹ̀ ni ó fi sí gbogbo wọn, kò sí ti Olatunji.

Èdè Faransé wà lára ohun tí mo ń kọ́, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n ẹnu Gainsbourg, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo fi "Kiyakiya" àti "Joanna" tẹ̀lé ara wọn lórí ẹ̀rọ. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìyá tí ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa dúró, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí Òyìnbó ń kọ orin tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán?" Ìyá yìí kò gbọ́ Faransé, kò sì ní páálí lọ́wọ́.

Wọ́n ti ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè fún ìdíje ọdún yìí mú un wá. Mo mú mẹ́ta lọ. Èkíní: orin Yorùbá wo ni ó di "Joanna" ní Paris? Èkejì: ọmọ Èkó wo ni ó lu ìlù nínú Band on the Run, ìlú wo ni ó sì ti lù ú? Wọ́n gba méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni pé ta ni ó ni "ob-la-di, ob-la-da." Mo kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn páálí: Jimmy Scott-Emuakpor, Urhobo, onílù, ó kú ní ọdún 1986. Olùbéèrè ọjọ́sí dá a padà fún mi ní àná, ó ní mi ò tíì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí i. Mo ní kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.